Àpótí eré Halloween tí mo rà fáwọn ọmọ mi ní half-term, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní UK níbí, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o. Ẹ mọ̀ pé tí Oṣù Kẹwàá bá ti ń lọ sópin báyìí, ilé ìwé á ti pa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọ́n á yí aago padà sẹ́yìn ní Sunday tó kẹ́yìn nínú oṣù, kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ á ti máa ṣú, àwọn ọmọ á wá há sínú ilé bí ẹyẹ inú àgò, kí ẹ tó mọ̀, ìjà táblẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tá à ń gbé ní Woolwich, kò sí ṣọ́ọ̀bù téèyàn máa wọ̀ tí kò ní rí elégédé àti agbárí oníke lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé mẹ́jọ, àbúrò ẹ̀ obìnrin jẹ́ márùn-ún, látìgbà tí wọ́n ti wọlé ní September ni wọ́n ti ń bi mí pé kí la máa ṣe tó bá di Halloween.

Bí mo ṣe ra àpótí kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, £27, owó tí wọ́n fi gbé e wá sílé lọ́tọ̀. Wọ́n ní eré tó ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́wàá ló wà fún. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é torí ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi àtàwọn tí mo máa sọ tó bá yá, ṣùgbọ́n irú àpótí yìí pọ̀ káàkiri, ohun tó wà nínú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí á wúlò fún yín.

Nígbà tá a tú u, a rí páálí eegun ènìyàn tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́, bàlóònù mẹ́fà pẹ̀lú iwin onítíṣù, páálí àdán, òwú funfun tá a máa fi ta okùn aláǹtakùn, ìkòkò oníke kékeré kan fún bekin sódà àti fínígà, nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe slime, iná kékeré mẹ́ta tó ń lo bátìrì, káàdì ìtàn márùn-ún, àti ìwé ìlànà. Elégédé ò sí níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ra ìyẹn fúnra yín.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí eegun torí òun ló dùn mọ́ wa jù lọ. Tẹ́ ẹ bá tò ó tán ó ga tó ọmọ mi obìnrin gan-an, wọ́n fún wa ní àwọn pín-ìnnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì yẹn ká fi so gbogbo oríkèé ẹ̀, torí náà orúnkún ń ká, ìgbọ̀nwọ́ ń ká, ó ń jó. Ìwé tó bá a wá sọ pé eegun 206 ló wà lára àgbàlagbà, pé ọmọ tuntun jòjòló ní tó 300, torí pé púpọ̀ nínú wọn máa ń lẹ̀ mọ́ra di ẹyọ kan bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà. Ọmọ mi ọkùnrin ò gbà. Ó ní báwo ni ọmọ ìkókó ṣe máa ní eegun ju Dádì lọ. Mo ní kó na ọwọ́ ẹ̀ wá. A bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìka kọ̀ọ̀kan, a ń ka oríkèé, mo ṣàlàyé àwọn tó wà ní ọrùn ọwọ́ tí a ò lè fọwọ́ kàn dáadáa, a dé 27 ní ọwọ́ kan ṣoṣo. A tún bọ́ sí ẹsẹ̀, 26. Ó gbé bébà, ó ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra ẹ̀, ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, ó bọ́ sí 106, ó wá wojú mi, ó ní, “Mọ́mì, so eegun tó wà ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ti ju ìdajì lọ?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni o, òun ló jẹ́ kí ìka lè dirun, kó kọ̀wé, kó sì tú okùn bàtà tó takókó. Kò tún gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan páálí yẹn títí di alẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo jèrè jù lára eegun yìí, kò sí nínú ìwé wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ síbí á mọ ohun tí mò ń sọ, àwọn ọmọ ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí wọ́n sọ ọ́, ohùn ò ní jáde dáadáa, gbogbo ọ̀rọ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo mú márkà, mo kọ ọ̀rọ̀ méjì sára bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì: egungun, Egúngún. Mo ní kí wọ́n wò ó, lẹ́tà kan náà ni, àmì ohùn ló yàtọ̀. Èyí tó wà nínú ara wa, re re re. Èyí tó ń gbé aṣọ jáde lọ́dún eégún, re mi mi. Àbúrò ẹ̀ ló kọ́kọ́ mú un. Ó sọ ọ́ di orin, tó bá kan “re re re” á fọwọ́ kan orúnkún ẹ̀, tó bá kan “re mi mi” á fò sókè á yí po bí ẹni wọ agọ̀, ló bá ń ṣe é yí ilé ká. Látọjọ́ náà, ẹ pè é ní ìpè tí kò tọ́ létí ẹ̀, á dá yín dúró.

Mo fi fídíò eégún Ìbàdàn hàn wọ́n lórí fóònù. Mo sọ fún wọn pé nígbà tí mo wà ní kékeré, ọjọ́ tí Olóòlù bá máa jáde, ìyá mi á ti pe gbogbo àwa obìnrin wọlé, á ti ilẹ̀kùn pa, á fa kọ́tìnnì dí wíńdò, torí obìnrin ò gbọdọ̀ rí i. A máa wà nínú òkùnkùn ọ̀sán gangan, ìlù á máa bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, ariwo àwọn ọ̀dọ́ á dé ẹnu ọ̀nà wa, á kọjá, àyà wa á máa já, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn dùn, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí ni ìyá mi máa ń ṣe nígbà yẹn, mo ní ó máa ń di ọwọ́ wa mú.

Bàlóònù ńkọ́. Èyí dùn mí. Ìwé ìlànà ní kí ọmọ mú bàlóònù, kó fi ra irun orí ẹ̀ dáadáa, kó wá gbé e súnmọ́ iwin onítíṣù tó wà lórí tábìlì, iwin á dìde nílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó dáa. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ṣùkú fún ọmọ mi, mo fi òróró àgbọn sí i dáadáa, irun ń dán. Ó ra bàlóònù títí, iwin ò mira. Ó tún ra á. Ó wá ní, “Mọ́mì, is my hair not good?” Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo gbé e sẹ́sẹ̀, mo ní irun ẹ dáa, irun ẹ lẹ́wà, ẹni tó kọ ìwé yẹn ni ò rò ó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Mo bọ́ súwẹ́tà onírun àgùntàn tó wà lọ́rùn mi, mo ní kó fi bàlóònù ra á. Wàrà, iwin fò lẹ̀ mọ́ bàlóònù! Ó pariwo débi pé ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa gbọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ò le. Téèyàn bá fi bàlóònù ra nǹkan tó gbẹ, irun tàbí wúùlù, àwọn nǹkan tíntìntín kan tí wọ́n ń pè ní elẹ́kítírọ̀nù á ṣí kúrò lára wúùlù lọ sára bàlóònù, òun ló máa ń fa tíṣù mọ́ra. Irun tó bá ní òróró tàbí ọ̀rinrin, tó sì wà ní dídì, kò ní jẹ́ kí àwọn elẹ́kítírọ̀nù yẹn kóra jọ. Síáyẹ́ǹsì ni, kò kan pé irun dáa tàbí kò dáa. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe àpótí náà pé gbólóhùn kan péré ni wọ́n máa fi kún un, “tàbí kẹ́ ẹ lo súwẹ́tà wúùlù”, àwọn ọmọ tó dirun ò sì ní rò pé àwọn ló ní àléébù. Wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Ẹ̀yin ẹ má dúró dè wọ́n, súwẹ́tà ni kẹ́ ẹ mú látìbẹ̀rẹ̀.

Àdán. Eré àdán yẹn dára gan-an, ẹ̀yin náà lè ṣe é láìra àpótí rárá. Ẹ fi aṣọ di ojú ọmọ kan, òun ni àdán, àwọn yòókù ni kòkòrò. Àdán á pè, “Àdán!”, kòkòrò gbọ́dọ̀ dáhùn, “Kòkòrò!”, àdán á máa tọ ohùn lọ títí á fi mú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àdán ń ṣe lóru lóòótọ́, á ké, igbe ẹ̀ á lọ kan kòkòrò, á padà wá sí etí ẹ̀, òun ló fi ń mọ ibi tí ẹran wà. A ṣe é nínú páàkì tó wà lẹ́yìn ilé wa ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ aládùúgbò mẹ́ta bá wa dá sí i, àwọn ọmọ Ghana méjì àti ọmọ Poland kan, gbogbo wọn ń pariwo “Kòkòrò!” bí ọmọ Mọ̀ọ́kọlá ní Ìbàdàn. Ìwé wọn sọ pé irú àdán 18 ló wà ní UK, pé èyí tó kéré tí wọ́n ń pè ní pipistrelle lè jẹ kòkòrò 3,000 lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ sì rí i, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ.

Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo àdán ló ń fi igbe rìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣì í. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ka yunifásítì, ẹnikẹ́ni tó bá ka OAU mọ àwọn àdán inú ọgbà yẹn, wọ́n á so rọ̀ lórí igi bí èso tó pọ́n jù, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á tú jáde, ojú ọ̀run á ṣú. Àwọn yẹn, èso ni wọ́n ń jẹ, ojú àti imú ni wọ́n fi ń wá a, wọn kì í fi igbe rìn bí àwọn kékeré ti ibí. Ẹ̀yà wọn náà ló ń lọ sí Kasanka ní Zambia lọ́dọọdún, Oṣù Kẹwàá kan náà yìí ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọ́n sì máa ń tó mílíọ̀nù mẹ́wàá. Wọ́n tún wà lára àwọn tó ń gbé kóró igi ìrókò kiri inú igbó. Nígbà tí mo sọ ìyẹn fún wọn, mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń fi ìrókò dẹ́rù bà wá pé iwin ló ń gbé inú ẹ̀, mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé àdán ló ń bá wa gbìn ín. Mo kọ́ wọn ní òwe kan níbẹ̀, àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Ọmọ mi obìnrin ní kí ló dé tó ń wò wọ́n. Ó ń dorí kodò lórí àga lọ́jọ́ kejì tó ń wo gbogbo wa bá a ṣe ń jẹun.

Aláǹtakùn ò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan nínú. Ẹ óò fi òwú ta okùn láti ẹsẹ̀ àga kan sí òmíràn, ẹ óò ka ẹsẹ̀ mẹ́jọ, ẹ óò ṣe ìṣirò aláǹtakùn mẹ́ta ẹsẹ̀ mélòó, ó tán. Ó wúlò fún ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Slime yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e jù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì mi títí di òní.

Ìkòkò bekin sódà àti fínígà, gbogbo wa ti ṣe é rí, ó ń hó, ó ń tú jáde, ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó jẹ́ kó yàtọ̀ ni pé ọmọ mi ọkùnrin béèrè pé kí ló wà nínú ìfófòó yẹn. Mo ní afẹ́fẹ́ ni, carbon dioxide, òun náà ló wà nínú mínírà, òun náà là ń mí síta. Mo wá rántí pé mo fẹ́ din puff-puff lọ́jọ́ yẹn. Mo pò ó, mo fi yíìsì sí i, mo gbé abọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀, mo ní kí wọ́n máa wá wò ó. Wọ́n ń ṣí i wò ní gbogbo ìgbà, wọ́n rí i bó ṣe ń wú, tí ihò kéékèèké ń là lójú ẹ̀. Mo ní afẹ́fẹ́ kan náà ni, yíìsì ló ń mí. Ó ya ọkùnrin lẹ́nu pé nǹkan tó wà láàyè ló wà nínú puff-puff. Ó jẹ mẹ́jọ.

Wàyí o, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Àwọn iná kékeré mẹ́ta yẹn, bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì ló wà nínú wọn. Méjì nínú mẹ́ta, ìdérí ẹ̀ ò ní síkírù. Èékánná ni mo fi ṣí i. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n kọ sára páálí o! Nǹkan ìṣeré ọmọdé tó bá ní irú bátìrì yìí, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ibi tó wà máa tì dáadáa, tí ọmọ ò ní lè ṣí i wẹ́rẹ́. Tí ọmọ bá gbé e mì, tó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó ẹran ara ibẹ̀ láàárín wákàtí méjì péré, ọmọ ò sì ní lè sọ ohun tó ń ṣe é, á kàn máa wúkọ́ tàbí kó máa da itọ́. Tẹ́ ẹ bá fura pé ọmọ gbé e mì, ẹ má dúró wò ó, ẹ má sì fipá jẹ́ kó bì, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Mo yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi sẹ́lòtéèpù wé bátìrì wọn, mo kó wọn lọ síbi tí wọ́n ń gba bátìrì sí ní sọ́pamákẹ́ẹ̀tì. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe àpótí náà. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n tó fèsì, wọ́n dá £5 padà, wọ́n ní ẹ má bínú. Kì í ṣe owó ni mo bẹ̀ wọ́n fún. Mo ní kí wọ́n sọ fún àwọn yòókù tó ti rà á. Wọn ò tíì dá mi lóhùn lórí ìyẹn títí mo fi ń kọ èyí, ìdí tí mo fi ń pariwo níbí nìyẹn.

Ó ku káàdì ìtàn. Káàdì márùn-ún ni, ẹ ní kí ọmọ yan ọ̀kan kó parí ìtàn náà fúnra ẹ̀, ìyẹn dáa fún ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo márààrún, òkú ni ọ̀tá. Òkú ń jí nínú sàréè, òkú ń lé ọmọ, òkú fẹ́ jẹ ènìyàn. Lálẹ́ Tuesday, ọmọ mi obìnrin wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago méjì òru. Ó ń gbọ̀n. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé Bàbá àgbà náà ti di zombie?”

Bàbá mi ló ń sọ. Ọdún tó kọjá ni wọ́n lọ. Ọmọ yìí máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp ní gbogbo Sunday, wọ́n á ní kó ka ení, èjì fún àwọn.

Mi ò lè sùn mọ́. Onígbàgbọ́ ni mí, mi ò bọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n wọn ò tọ́ mi dàgbà pé kí n máa sá fún òkú ilé wa. Lóòótọ́, a gbọ́ ìtàn àkúdàáyà ní kékeré, ẹni tó kú ní Ìbàdàn tí wọ́n tún rí tó ń ta ọjà ní ìlú ibòmíràn, ẹ̀rù bà wá, ṣùgbọ́n ẹni yẹn kì í jẹ ẹnikẹ́ni, ó kàn fẹ́ máa gbé ayé ẹ̀ lọ ni. A ń sọ ọmọ ní Babátúndé, a ń sọ ọmọ ní Ìyábọ̀. Eégún tó jáde, ará ọ̀run là ń pè é, wọ́n á ní kó wá súre fún wa. Kódà ọdún Halloween fúnra ẹ̀, ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀ ni alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ àwọn Ẹni Mímọ́, November 1, ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń rántí àwọn tó ti sùn nínú Olúwa. Níbo ni zombie ti wá gba ibẹ̀?

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo pe ìyá mi ní Ìbàdàn. Mo ní, “Ẹ káalẹ́ mà.” Wọ́n ti rí fọ́tò eegun onípáálí yẹn lórí status mi. Wọ́n ní, “Ọdún àjẹ́ lẹ wá ń ṣe lọ́hùn-ún báyìí?” Mo ṣàlàyé fún wọn, mo sọ ohun tí ọmọ béèrè lóru. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, “Pa iná. Kó wọn wá.”

A pa iná pálọ̀. Elégédé tí a gbẹ́ wà lórí tábìlì, mo fi tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀. Ohùn Màmá jáde láti inú fóònù, “Àlọ́ o!” Mo ti kọ́ àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀, wọ́n dáhùn, “Àlọ̀ọ̀!” Wọ́n ní, “Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́.” Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin ní chewing gum ni, Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́, wọ́n ní ahọ́n ni, ẹ lè jẹ ẹ́ lẹ́nu títí dé Ọ̀yọ́ kó má tán. Wọ́n tún ní, “Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́.” Mo rọra na ọmọrogùn sókè láti kíṣìnnì, àwọn ọmọ rí i, wọ́n pariwo. Lẹ́yìn ìyẹn Màmá yí ohùn padà, wọ́n ní Bàbá àgbà ò di nǹkankan tó ń lé ọmọ, wọ́n ní Bàbá ń sinmi, wọ́n sì ń gbọ́ tí a bá ń kì wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọkọ wọn. Àjàní, ọmọ mesì Ọ̀gọ̀, ńlé Olúyọ̀lé, wọ́n ń kì wọ́n lọ báyìí, díẹ̀díẹ̀ kí àwọn ọmọ lè máa tẹ̀ lé e. Ọmọ mi obìnrin ti mọ ìlà mẹ́rin lórí báyìí. Ó sùn mọ́jú lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, ẹ yọ káàdì ìtàn kúrò kẹ́ ẹ tó gbé àpótí fún ọmọ, ẹ pe ẹni tó bá mọ àlọ́ nílé yín. Tí kò bá sí àgbà, ẹ̀yin fúnra yín, ẹ pa iná kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rántí.

Elégédé ńkọ́, òun ni mo fẹ́ fi parí. Káàdì kan nínú àpótí yẹn sọ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ló dá ọdún yìí sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Látọ̀dọ̀ àwọn ará Ireland àti Scotland ló ti wá, wọ́n ń pe tiwọn ní Samhain, tánípù ni wọ́n ń gbẹ́ ojú sí lára nígbà yẹn. Nígbà tí àwọn ará Ireland ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ni wọ́n bá elégédé níbẹ̀, ó tóbi ju tánípù lọ, ó rọrùn láti gbẹ́, bó ṣe gba ipò nìyẹn. A ra tánípù kan, a ní ká gbẹ́ òun náà wò, ọkọ mi fi ṣíbí gbẹ́ ẹ títí ọwọ́ ẹ̀ fi ń dùn ún, àwọn ọmọ wá lóye ìdí tí wọ́n fi yí i padà.

Kí ẹ tó gbẹ́ elégédé, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, ẹ ní kí ọmọ sọ iye tó rò pé ó máa wọ̀n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá là á, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kó inú ẹ̀, ó ń yọ̀, ó tutù, ọmọ mi obìnrin ní bí ilá ló ṣe rí. Ẹ ní kí wọ́n sọ iye kóró tó wà níbẹ̀. Ọkùnrin ní 100, obìnrin ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. A tò wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá lórí táwẹ́ẹ̀lì, wọ́n jẹ́ 438. Mo mú ẹ̀gúsí jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ní kí wọ́n wò ó dáadáa, ẹbí kan náà ni elégédé àti bàrà tó ń so ẹ̀gúsí. Wọ́n gbé e wò lábẹ́ iná, wọ́n rí i pé etí wọn jọra. A yan kóró, a fi iyọ̀ àti ata gígún díẹ̀ sí i, ẹran inú ẹ̀ bọ́ sínú ọbẹ̀. Ẹ má kó ìyókù lọ jù sínú igbó fún àwọn ẹranko o, kò dáa fún àwọn hedgehog, ó máa ń dà wọ́n nínú rú, inú pàǹtí oúnjẹ ni kẹ́ ẹ dà á sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Halloween nínú ilé yín, mo gbọ́ yín, ṣọ́ọ̀ṣì tiwa náà light party ni wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ 31, a sì lọ. Eegun, àdán, bàlóònù, elégédé, kò sí èyí tó nílò àjẹ́ nínú wọn, ẹ pè é ní eré Ìkórè kẹ́ ẹ máa ṣe é lọ, àsìkò ìkórè náà kúkú ni.

Ṣé owó ẹ̀ tọ́? Fún páálí eegun àti ìwé ìlànà nìkan, ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún, ì bá jẹ́ mẹ́rin bí kì í bá ṣe ti bátìrì. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ló máa jẹ̀gbádùn ẹ̀ jù, kì í ṣe mẹ́rin bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ má gbé e fún ọmọ kẹ́ ẹ lọ jókòó sídìí fóònù, kò ní ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ jókòó tì wọ́n. Tówó bá ṣe díẹ̀, ẹ lọ láíbìrì àdúgbò yín, tiwa ní ìwé nípa eegun àti àdán, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ra elégédé kan àti bàlóònù, ẹ ti ní ìdajì àpótí yẹn.

Mo pa kóró mẹ́wàá mọ́ nínú àpòòwé lórí fìríìjì, lábẹ́ “egungun, Egúngún”. Tó bá di May tí òtútù bá ti lọ, a máa gbìn ín sínú ìkòkò òdòdó ní bálíkónì. Àwọn ọmọ ń retí elégédé, èmi ń retí ewé ẹ̀, ẹ̀fọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀ tí mi ò tíì rí rà ní Woolwich látọdún mẹ́ta.